Ìwé Àṣẹ Ìtọ́jú: Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Yín Nígbà tí Ẹ Kò Bá Lè Sọ̀rọ̀ Mọ́?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ sàká, ìtọ́jú ọmọ òrukàn àti ẹ̀tọ́ opó ni a máa ń sọ nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹnìkan lè wá béèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ wa nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn àti agbẹjọ́rò. Ó kàn wá gan-an ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wa, kì í ṣe ọjọ́ tí bàbá wọn kú ni ìyà wọn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá dùbúlẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, ni ìyà náà ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÓ FA Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Arákùnrin wa kan wà tó ń ta pákó. Ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó jókòó tì mí nínú mọ́sáláṣí, ó ní: "Akọ̀wé, bí àìsàn ńlá bá dé bá mi, kí wọ́n tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n bí àwọn dókítà bá ti sọ pé kò sí ọ̀nà mọ́, kí wọ́n gbé mi lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí mi ta ilé tí àwọn ọmọ mi ń gbé." Mo dá a lóhùn pé, "Ọlọ́hun kò ní jẹ́ ká rí i." Mo rò pé àdúà ni mo ṣe. N kò mọ̀ pé ojúṣe ni mo fi àdúà bò mọ́lẹ̀.

Kò pé ọdún kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Àwọn dókítà béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ni. Ìyàwó àgbà ní òun ni. Àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè lórí fóònù pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun láìjẹ́ pé òun gbọ́. Ọjọ́ méjì kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí. Nígbà tí owó tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ilé náà dúró, ó yá owó lé e lórí. Mo lọ bá wọn, mo sọ ohun tí arákùnrin wa ti sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí títí, ó ní: "Akọ̀wé, ìwé rẹ̀ dà?" Èmi tí mo ń kọ ìwé fún gbogbo ẹgbẹ́, n kò ní ìwé kankan tí mo lè fi hàn.

Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì tó ẹni tó ń dá jẹun. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé wa. Yàrá kan tí wọ́n háyà ni wọ́n ń gbé, nítorí pé olówó ti gba ilé. N kò dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bi, ìfẹ́ àbúrò ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìtọ́sọ́nà lè jẹ ọmọ òrukàn lówó.

KÍ NI ÌWÉ ÀṢẸ ÌTỌ́JÚ?

Ó jẹ́ ìwé tí ènìyàn tó ti dàgbà, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pé, kọ sílẹ̀ ní ìgbà tí ara rẹ̀ le, láti sọ nǹkan méjì. Èkíní ni irú ìtọ́jú tó fẹ́ àti irú èyí tí kò fẹ́, bí ọjọ́ kan bá dé tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni orúkọ ẹni tó yàn gẹ́gẹ́ bí aṣojú, tí yóò máa bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀.

Kí á má ṣe kó o pọ̀ mọ́ wàsíyà. Lẹ́yìn ikú ni wàsíyà ń ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní, lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè. Ìwé àṣẹ ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè. Ọjọ́ tí ó bá kú ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bí ara rẹ̀ bá yá tí ó sì lè sọ̀rọ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni wọn yóò gbọ́, kì í ṣe ìwé.

ǸJẸ́ Ẹ̀SÌN WA FÀYÈ GBÀ Á?

Àwọn kan ń sọ pé kíkọ irú ìwé yìí dà bí ẹni tó ń pe ikú. Ẹ jẹ́ kí á rántí àwọn ìyá wa tó lọ sí Mẹ́kà, tí wọ́n ra aṣọ lìkáfà bọ̀, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ta ló sọ fún wọn pé wọ́n pe ikú? Púpọ̀ nínú wọn lo ogún ọdún láyé lẹ́yìn tí aṣọ náà ti dé ilé. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ nínú hádíìsì tí Ibn Umar gbà wá pé ẹni tó bá ní ohun tí yóò pa láṣẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òru méjì kọjá láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ nínú Sūratu-l-Baqarah láti kọ gbèsè sílẹ̀ kí á sì fi ẹlẹ́rìí sí i. Bí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, ẹ̀mí àti ìrọ̀rùn àwọn ọmọ tọ́ sí àkọsílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn kan tún wà nínú Bukhari àti Muslim, tí ìyá wa Àíṣà gbà wá, tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu rẹ́gí. Nígbà àìsàn ìkẹyìn Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ da òògùn sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n rò pé bí gbogbo aláìsàn ṣe máa ń kọ òògùn ni, wọ́n sì dà á sí i lẹ́nu. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe, ó sì ní kí wọ́n da òògùn náà sí ẹnu gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, àyàfi Abbas tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó, ará ilé tó dára jù lọ láyé ni wọn, ìfẹ́ ló sì wà lọ́kàn wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣi àmì ọwọ́ aláìsàn túmọ̀. Báwo wá ni ti àwa àti àwọn ará ilé wa?

Ṣùgbọ́n ààlà wà. Ànábì wa pa wá láṣẹ láti máa wá ìwòsàn. Ẹ̀sìn wa kò fàyè gba kí ènìyàn pa ara rẹ̀ tàbí kí ó ní kí dókítà fún òun ní ohun tí yóò pa òun. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò gbà á. Àjọ àwọn onímọ̀ fíkì lágbàáyé tó wà ní Jíddà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ní ọdún 1992. Wọ́n sọ pé ìtọ́jú di dandan bí fífi í sílẹ̀ yóò bá yọrí sí ikú, sí pípàdánù ẹ̀yà ara, tàbí bí àrùn náà bá ń ràn. Wọ́n tún sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn tí ọpọlọ rẹ̀ bá pé. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1986, níbi ìpàdé wọn ní Amman, wọ́n ti sọ pé bí gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ bá ti dá, tí àwọn dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì jẹ́rìí pé kò lè padà mọ́, ó tọ́ láti yọ ẹ̀rọ kúrò, bí ọkàn tilẹ̀ ṣì ń lù nípa agbára ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé kí wọ́n má fi ẹ̀rọ dá òun dúró nígbà tí ìrètí bá ti pin, kò pa ara rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́ ni.

KÍ NI ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ SỌ?

Kò tíì sí òfin kan tó dúró gedegbe lórí ìwé yìí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìwé náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ẹ jẹ́ kí á mọ nǹkan mẹ́rin.

Èkíní: Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tó wà láàárín ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí àti dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ti kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé lé e lórí, dókítà náà kò sì fi ipá fún un. Obìnrin náà kú. Ilé ẹjọ́ sọ pé dókítà náà kò jẹ̀bi, nítorí pé òfin ìlú, tó fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ àti òmìnira ẹ̀sìn, fún àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú. Àwa kò bá wọn gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹ̀sìn wa fàyè gbà á nígbà ìnira. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ẹjọ́ náà fi lélẹ̀ kan gbogbo wa.

Èkejì: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn ní èdè tó yé e: ohun tó ń ṣe é, àwọn ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu wọn, iye tí wọn yóò ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ẹ kíyè sí iye owó. Kì í ṣe àrífín láti béèrè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀kẹta: Ìwé yìí kò ní agbára lórí ara ọmọ yín. Ní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìyá kan tí kò fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ kò lè fi ẹ̀sìn ara rẹ̀ fi ẹ̀mí ọmọ náà wewu. Ara ẹni nìkan ni ènìyàn lè pàṣẹ lé lórí.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ìwé aṣojú tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní power of attorney, tí a máa ń fún ọmọ tàbí àbúrò láti bá wa ta ilẹ̀ tàbí gba owó, agbára rẹ̀ máa ń tán ní ọjọ́ tí ẹni tó fún un bá pàdánù òye rẹ̀. Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù gan-an ni kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Mo ti fún ọmọ mi ní páwà, ó ti tó."

KÍ NI IṢẸ́ AGBẸJỌ́RÒ NÍNÚ RẸ̀?

Nítorí pé òfin wa kò tíì là á lẹ́sẹẹsẹ, ó ṣe pàtàkì kí agbẹjọ́rò bá yín kọ ìwé náà. Òun ni yóò lo ọ̀rọ̀ tí dókítà kò ní ṣì túmọ̀ tí ẹbí kò sì ní rí àyè já. Òun ni yóò sọ fún yín bí ẹ ṣe lè ṣètò owó ìtọ́jú, nítorí pé ìwé aṣojú lásán kò tó, bíi kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí àkáǹtì kan ní báńkì. Òun náà ni yóò jẹ́ kí ẹ búra sí i lọ́dọ̀ akọ̀wé ìbúra ní ilé ẹjọ́, kí ìwé náà lè ní ìwọ̀n lójú ẹni tó bá rí i.

Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè ṣe é. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì kọ ọ́ pé òun kà á fún un, òun túmọ̀ rẹ̀ ní èdè rẹ̀, ó sì yé e kí ó tó tẹ ìka. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò kà fún yín ní Yorùbá láti orí dé ìdí.

Kí ẹ tó lọ bá agbẹjọ́rò, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kí ẹ mọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀. Ẹ sì bá Àáfà tó mọ̀ nípa fíkì sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Mùsùlùmí, IMAN, àti ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Mùsùlùmí, MULAN, wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí kò bá mọ agbẹjọ́rò kankan lè béèrè lọ́wọ́ wọn.

OHUN TÓ YẸ KÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

1. Orúkọ yín, ọjọ́ orí, ilé tí ẹ ń gbé, àti pé Mùsùlùmí ni yín.

2. Orúkọ aṣojú kan, àti ti ẹnìkejì bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí nítòsí. Ẹ yan ẹni tó ní sùúrù, tó bẹ̀rù Ọlọ́hun, tó sì lè dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ àkọ́bí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

3. Ìtọ́jú tí ẹ gbà: ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ, òògùn ìrora tó lágbára. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú yín là ní àkókò ìrun níwọ̀n ìgbà tó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́.

4. Ohun tí ẹ kò fẹ́ nígbà tí dókítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá sọ pé kò sí ìrètí mọ́: bíi ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka oúnjẹ àti omi sí ẹ̀tọ́ aláìsàn, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ọ́ pé kí wọ́n dá ìyẹn dúró láìjẹ́ pé ẹ bi Àáfà.

5. Bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n bo ìhòòhò yín: kí ọkùnrin tọ́jú ọkùnrin, kí obìnrin tọ́jú obìnrin, bí ó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n kọ ojú yín sí Kíbúlà, kí ẹnìkan sì máa rán yín létí kálímátù ṣàhádà.

6. Ọ̀rọ̀ owó: ibi tí owó ìtọ́jú yóò ti wá, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà tàbí fi dúró. Ẹ dárúkọ ilé náà pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀.

7. Gbèsè tí ẹ jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ yín, àti sàká tí ẹ kò tíì yọ.

8. Ọjọ́, ìfọwọ́sí yín, àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ó dára kí ẹlẹ́rìí má jẹ́ ajogún, kí ó má sì jẹ́ dókítà tó ń tọ́jú yín, kí ẹnu má baà kùn wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe tì í mọ́ àpótí. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò rí kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kọ. Ẹ fún aṣojú ní ẹ̀dà kan, agbẹjọ́rò ní ẹ̀dà kan, kí dókítà yín fi ọ̀kan sínú fáìlì yín. Ẹ pe ìyàwó tàbí ọkọ, àwọn ọmọ tó ti dàgbà àti olórí ẹbí jókòó, kí ẹ kà á sí wọn létí. Ìjókòó yìí lè ṣòro ju kíkọ ìwé lọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò dí ìjà lọ́wọ́ jù lọ.

Ẹ̀YIN TÍ ỌMỌ YÍN WÀ LÓKÈ ÒKUN

Ìwé tí a kọ ní Nàìjíríà kì í ṣe ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ti ọ̀dọ̀ wọn náà kì í sì í ṣe tiwa. Ìyá tó bá ń lọ tọ́jú ọmọ jòjòló fún ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀, kó béèrè nípa ti ibẹ̀.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ènìyàn lè kọ ìtọ́jú sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìtọ́jú tó gbé ẹ̀mí dúró, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí wà, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ pé òun mọ̀ pé ẹ̀mí òun lè wà nínú ewu. Ó tún lè yan aṣojú fún ọ̀rọ̀ ìlera, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lábẹ́ òfin ibẹ̀, jíjẹ́ ọmọ tàbí ìyàwó nìkan kò fún ènìyàn ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìtọ́jú fún àgbàlagbà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1990 mú un ní dandan fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìlera ìjọba àpapọ̀ láti béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá ó ní irú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀. Ní Texas, ẹlẹ́rìí méjì tàbí nọ́tárì ni yóò jẹ́rìí sí ìwé tí a fi yan aṣojú ìlera. Agbẹjọ́rò ibẹ̀ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌGBÀ WO NI KÍ Á ṢE É?

Ìgbà tí ara bá le ni. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ lè má lè kọ ọ́ mọ́, bí ó bá sì kọ ọ́, ẹbí lè sọ pé orí rẹ̀ kò pé nígbà náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún bá yí po lórí owó yín tí ẹ jókòó láti ṣírò sàká, ẹ mú ìwé yìí jáde pẹ̀lú. Ẹ wò ó bóyá aṣojú ṣì wà láàyè, bóyá ọkàn yín ṣì wà lórí ohun tí ẹ kọ. Ẹ lè yí i padà, ẹ sì lè fà á ya nígbàkígbà. Bí ẹ bá yí i, ẹ gba ẹ̀dà àtijọ́ padà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní i.

Èmi fúnra mi ti kọ tèmi. Ó gba mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti bá ìyàwó mi sọ ọ́, nítorí pé ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni òun pẹ̀lú ní kí n bá òun kọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí a kà á sí àwọn ọmọ létí, mo rántí arákùnrin wa tó ń ta pákó. Ká ní mo mú bébà àti bírò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá inú ilé bàbá wọn ni àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ì bá ṣì wà.

Ẹni tó bá fún wa ní sàká láti tọ́jú ọmọ òrukàn, Ọlọ́hun yóò san án lẹ́san. Ẹni tó bá ṣètò ilé rẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi di ẹni tí a ń yọ sàká fún, òun náà ti ran ọmọ òrukàn lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara. Kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn. Kí Ó forí jin àwọn òkú wa. Kí Ó jẹ́ kí ìkẹyìn wa dára, kí Ó sì bá wa tọ́jú àwọn ọmọ tí a bá fi sílẹ̀. Àmín.

Ma salaam.